Àwọn ohun èlò inú ọkọ̀ òfuurufú Spirit of St. Louis

Spirit of St. Louis ni ọkọ̀ òfuurufú tí Charles Lindbergh, ọmọ Amẹ́ríkà, dá wà láti New York dé Paris ní ọjọ́ 20 sí 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1927, láì balẹ̀ rárá lójú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ Ryan Airlines ní San Diego ló kàn án. Donald Hall ló ya àwòrán rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, Wright Whirlwind J-5C, onísílíńdà mẹ́sàn-án, tó ní agbára ẹṣin 223. Atẹ́gùn ló ń tù ú, nítorí náà kò sí rédíétọ̀ tí omi rẹ̀ lè jò.

Orí epo ni gbogbo ètò ọkọ̀ náà dá lé. Àwọn táǹkì rẹ̀ gba gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 450, bíi lítà 1,700. Iwájú ni Lindbergh ní kí wọ́n gbé èyí tó tóbi jù sí, kí òun má baà há sáàárín táǹkì àti ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ bá já. Táǹkì náà sì dí iwájú pa. Bó bá fẹ́ ríran, àfi kó yọjú lójú fèrèsé ẹ̀gbẹ́, tàbí kó wo perisíkóòpù kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ onídígí tí wọ́n fi ń rí ohun tí nǹkan dí lójú.

Ohunkóhun tó lè gba àyè epo ló yọ kúrò: rédíò, páráṣúùtì, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ mọ ibi tí wọ́n dé. Àga pankẹ́rẹ́ ló jókòó lé. Kódà, ó gé etí máàpù rẹ̀ dànù. Àmọ́ kò fi ọkọ̀ onírọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí sílẹ̀. Òkun kì í ṣe ibi àwàdà.

Kọ́ḿpáàsì méjì ló ń tọ́ ọ sọ́nà. Ọ̀kan ń fi òòfà ilẹ̀ ayé ṣiṣẹ́, fáànù kékeré kan lórí ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì ń yí i. Èkejì wà lókè orí rẹ̀, dígí ló fi ń kà á: dígí ìpara obìnrin kan tó wá wòran, tí wọ́n fi ṣingọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀. Lóru, méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Síbẹ̀, ìlà tó ti fà sórí máàpù ló ń tẹ̀ lé, tó ń yí orí ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rí èbúté Ireland.

Lẹ́yìn wákàtí 33 àbọ̀, ó balẹ̀ sí Le Bourget, pápákọ̀ òfuurufú Paris. Epo tó ṣẹ́kù nínú táǹkì tó nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù 85.