Orí òkè l'Ékìtì, òjò ń rọ̀, kí ló dé tómi fi ń wọ́n stúdẹ́ǹtì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó n'Ìkòròdú nilé wa, mo ti gba àdímíṣọ̀n sí FUOYE, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ékìtì, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mò ń lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní tó bá ti di ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, kẹ́ẹ̀gì ni stúdẹ́ǹtì ń gbé kiri. Kò yé mi. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ dáadáa, kànga sì wà nílé tí mo fẹ́ gbà. Níbo lomi ọ̀hún ń lọ?

Ìdáhùn: Kú oríire, àbúrò mi. Ó dáa tó o bi mí kó o tó sanwó ilé. Ilẹ̀ wọn ò rí bíi tiwa ni. Láti Badagry dé Ẹ̀pẹ́, títí kan Ìkòròdú níbí, iyanrìn àti amọ̀ ló gun ara wọn nísàlẹ̀, ó sì jìn gan-an, òjò tó bá rọ̀ á rì sínú iyanrìn yẹn á dúró síbẹ̀. Èyí tó ń yọ ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu níbí ni ìpẹtà inú omi, èyí tó máa ń kun inú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun yẹn.

Èkìtì, àpáta ni. Àwọn òkè tó o máa rí lọ́nà yẹn, àpáta ọ̀hún náà ló yọrí síta. Omi kì í wọ inú àpáta, erùpẹ̀ tó bo orí ẹ̀ ló ń gbà á dúró, àti ojú ibi tí àpáta bá ti là, erùpẹ̀ yẹn kì í sì í nípọn níbi púpọ̀. Lásìkò òjò gbogbo ẹ̀ á kún, èyí tó ṣẹ́kù á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sódò. Tójò bá wá dá ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, omi kànga á máa fà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó bá fi máa di February wàá ju ìfami sínú kànga, wàá gbọ́ gbà lórí àpáta, ẹrẹ̀ ló máa gbé bọ̀ fún ẹ. Ẹni tó ní lẹ́kíṣọ̀ aago mẹ́jọ á ti wà lórí láìnì omi láti ìdájí. Ó sì ń dùn mí, torí ìlú kékeré ni Ọ̀yẹ́ kí ìjọba tó gbé yunifásítì lọ síbẹ̀ ní 2011, èrò ti wá pọ̀, àpáta wà bó ṣe wà.

Ìbéèrè: Kí n kúkú wá ilé tó ní bọ́hóòlù?

Ìdáhùn: Ó lè ràn ẹ́ lọ́wọ́, ó sì lè má ràn ẹ́ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ bá ojú ibi tí àpáta ti là, omi á wà. Tí wọn ò bá bá a, owó lánlọ́ọ̀dù ti wọlẹ̀ nìyẹn, ìdí nìyẹn tí ilé méjì fi lè fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ kí ọ̀kan máa rómi kí ìkejì máa fa afẹ́fẹ́. Ilé tó wà nísàlẹ̀ òkè sábà máa ń sàn ju tòkè lọ, ṣùgbọ́n wo ibi tí ṣaláńgá wà sí kànga o.

Ìbéèrè: Òtútù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ ga ju etí ọ̀sà wa lọ, ọyẹ́ á mú ẹ láàárọ̀. Mú súẹ́tà dání.

Má bi ajẹ́ǹtì léèrè omi rárá. Àwọn tó ń gbé inú ilé yẹn ni kó o bi: “Ní February tó kọjá, níbo lẹ ti pọnmi?” Kó o sì wo kọ́rídọ̀ wọn, tí dúrọ́ọ̀mù àti kẹ́ẹ̀gì bá tò lọ bẹẹrẹ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo yàrá, ilé míì ni kó o máa wá.