Abẹ́rẹ́ Ni Wọ́n Fi Ya Àwòrán Ayé

Ó dà bíi bọ́ọ̀lù ọmọdé, àmọ́ ayé ni. Aṣọ ṣẹ́dà ló bò ó lára. Òwú ni wọ́n fi tọ etí Áfíríkà àti Amẹ́ríkà yí ká, tàdáwà ni wọ́n sì fi kọ orúkọ wọn. Àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé Westtown ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, ló ń rán irú rẹ̀ ní bíi igba ọdún sẹ́yìn.

Ilé ni iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀. Aṣọ àpẹẹrẹ, ìyẹn aṣọ tí ọmọbìnrin fi ń kọ́ oríṣiríṣi ọnà abẹ́rẹ́, tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ti Loara Standish ní Plymouth, ní nǹkan bíi 1653. Nígbà tó yá, lẹ́tà àti òǹkà wọ inú rẹ̀. Aṣọ ìtẹ́sùn wọ́n lówó nígbà náà, ìyàwó ilé sì gbọ́dọ̀ lè rán lẹ́tà orúkọ sí i kó má bàa dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn òmìnira Amẹ́ríkà ni ọwọ́ yí padà. Mary Balch ṣí ilé-ìwé ní Providence ní 1785, Sarah Pierce ní Litchfield ní 1792. Àwòrán orí ṣẹ́dà ló wá di iyì. Bí ọmọ bá gbé e délé, wọ́n á fi férémù sí i, ó di pálọ̀: sábúkéètì rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ Amẹ́ríkà, kú ní December 1799, ibojì, igi tí ẹ̀ka rẹ̀ dorí kodò àti obìnrin tó ń sunkún gba orí aṣọ kan. Ayàwòrán tí wọ́n háyà ló sábà máa ń fi ọ̀dà kun ojú àwọn ènìyàn náà. (Ẹ má dá ọmọ lẹ́bi; ta ló fẹ́ fi abẹ́rẹ́ rán imú?)

Quaker, ìjọ Kristẹni tó ṣí Westtown ní 1799, kò fẹ́ àṣehàn. Wọn ò tìtorí ẹ̀ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ; ẹ̀kọ́ nípa ayé ni wọ́n fi í kọ́ ọ. Ní 1816, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé náà kọ lẹ́tà sílé pé rírán ayé yìí máa yọ òun lẹ́nu, ṣùgbọ́n òun á fi kọ́ àwọn àbúrò òun.

Àwọn ọmọ adúláwọ̀ náà rán aṣọ àpẹẹrẹ tiwọn ní African Free School ní New York. Ti Rosena Disery, ti ọdún 1820, ṣì wà.

Ní 1821 Emma Willard ṣí ilé-ìwé ní Troy, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààyè abẹ́rẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ti rán orúkọ, ọjọ́ orí àti ọdún sísàlẹ̀ aṣọ wọn. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń tọpa ilé-ìwé tí kò fi ìwé kankan sílẹ̀.