Òòfà inú àpáta àti yíyí òkè Andes

Òòfà inú àpáta jẹ́ ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń mọ ibi tí àpáta wà, àti ìhà tó kọjú sí, nígbà tó kọ́kọ́ le. Àárín òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà wà lára ibi tí ẹ̀rí yìí ti hàn kedere jù.

Èérún irin bíi magnetite wà nínú ọ̀pọ̀ àpáta. Bí àpáta yíyọ́ láti inú òkè ayọnáyèéfín bá ń tutù, tí gbígbóná rẹ̀ sì wálẹ̀ ju nǹkan bí 580°C lọ, òòfà inú èérún náà á tẹ̀lé ti ayé, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bó ṣe dagun sí ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé. Bó ṣe yà kúrò ní àríwá ń sọ bí ilẹ̀ ṣe yí.

Wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlu gbẹ́ òkúta róbótó jáde, kò nípọn ju nǹkan bíi 2.5 cm lọ. Kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ kúrò lára àpáta, wọ́n á fàlà sí i, wọ́n á kọ ìhà tó kọjú sí sílẹ̀. Nítorí pé àpáta ayọnáyèéfín lè ṣi kọ́ńpáàsì lọ́nà, òjìji oòrùn àti aago ni wọ́n máa ń fi wá ìhà níbẹ̀. Ní lábù, wọ́n á máa yan án díẹ̀díẹ̀ kí òòfà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a lè kúrò.

Ìdánwò tí ohun gbogbo rọ̀ mọ́ ni ti àpáta tó ká, èyí tí onímọ̀ ilẹ̀ John Graham gbé jáde ní 1949. Ilẹ̀ tó ń di òkè máa ń ká àpáta bí ẹni ká ẹní. Bí a bá fi ìṣirò tẹ́ ẹ padà, tí òòfà apá méjèèjì wá kọjú síbì kan náà, a jẹ́ pé òòfà náà ti wà kí àpáta tó ká. Bó bá jẹ́ pé kí a tó tẹ́ ẹ ni wọ́n bára mu, ẹ̀yìn tó ká tán ni òòfà náà wọlé.

Ní agbègbè Arica, lápá àríwá Chile, òkè Andes tẹ̀ bí ìgúnpá. Ní àwọn ọdún 1950, S. Warren Carey, onímọ̀ ilẹ̀ ní Australia, dábàá pé ṣe ni ilẹ̀ tẹ òkè náà, kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àpáta gbè é lẹ́yìn: ní gúúsù Peru, òòfà wọn yà sí òdìkejì ibi tí ọwọ́ aago ń yí sí, ní àríwá Chile, ó yà síbi tí ọwọ́ aago ń yí sí. Ní 1988, onímọ̀ ilẹ̀ Bryan Isacks ṣàlàyé pé bí ègé èèpo ayé tó ń jẹ́ Nazca ṣe ń wọ abẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Bolivia, tó wà láàárín ibi tó tẹ̀ náà, ló súnkì jù. Igun méjèèjì kò súnkì tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá yí. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, yíyí tí wọ́n wọ̀n ju ohun tí àlàyé yìí nìkan lè bí lọ. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ègé kéékèèké láàárín ibi tí ilẹ̀ ti sán ti yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní Yúróòpù, òòfà fi hàn pé ilẹ̀ Sípéènì àti Pọ́túgà yí tó nǹkan bíi 35° nígbà tí òkun Biscay tó wà láàárín Sípéènì àti Faransé ń ṣí, kí òkè Pyrenees tó pààlà àwọn méjèèjì tó ga.

Ti òkè Himalaya ní Éṣíà gba ìṣọ́ra. Àpáta ayọnáyèéfín Deccan ní Íńdíà, tó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 66, fi hàn pé gúúsù ìlà agbedeméjì ayé ni wọ́n ti tutù. Ṣùgbọ́n nínú àpáta pupa ti Tibet, ẹrù ilẹ̀ tó wà lórí wọn lè tẹ òòfà náà pẹlẹbẹ, kí ó wá dà bí ẹni pé ibẹ̀ súnmọ́ ìlà náà ju bó ṣe wà gan-an lọ.