Mẹ́sẹ́èjì tó di bárakú sọ́mọ lára: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn òbí káàkiri Ṣómólú, Sùúrùlérè àti Mushin ló béèrè èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ kan náà béèrè tiẹ̀, mo kàn gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú ni.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi obìnrin wà ní SS2, àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń tẹ mẹ́sẹ́èjì, tá a bá ń jẹun ó ń tẹ̀ ẹ́, tó bá wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ó ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé àìsàn ni àbí ìwàkiwà?

Ìdáhùn: Mà, kò sí dókítà tó máa kọ "àìsàn mẹ́sẹ́èjì" síwèé fún yín. Ìwé tí àjọ ìlera àgbáyé WHO fi ń to orúkọ àìsàn, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2022, tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀, géèmù wà níbẹ̀, mẹ́sẹ́èjì ò sí. Ìyẹn ò wá ní ká káwọ́ gbera o. Àmọ́ kì í ṣe iye tó ń tẹ̀ lóòjọ́ lẹ máa wò. Ní 2011, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà rí i pé nínú àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17 tó ń fi text ránṣẹ́, ìdajì wọn ń fi tó 60 ránṣẹ́ lójúmọ́, lónìí ńkọ́, gúrùpù kíláàsì kan ṣoṣo á ti kọjá ìyẹn kí wọ́n tó dé asẹ́ńbílì. Ìwádìí míì tún jáde lọ́hùn-ún ní 2015, wọ́n rí i pé ọmọ tí ò lè dáwọ́ ẹ̀ dúró ni ìwé rẹ̀ kì í lọ dáadáa, pàápàá àwọn ọmọbìnrin, kì í kàn ṣe ọmọ tó ń tẹ púpọ̀.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ní kó gbé e sílẹ̀, ṣé ó lè gbé e sílẹ̀? Ṣé ó máa ń purọ́ pé ìwé lòun ń kà? Ṣé òun fúnra ẹ̀ ti ní òun máa dín in kù rí tí ò ṣeé ṣe? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ tó bá ń sùn, tó ń jẹun, tó ń ṣe asáínmẹ́ǹtì ẹ̀, tó kàn ń tẹ̀ ẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín ẹ̀ jàre.

Ìbéèrè: Kí ló tiẹ̀ wà nínú ẹ̀? Mo yọjú wo fóònù ọmọ mi, "wyd" (ìyẹn "kí lò ń ṣe"), "nothing", "lol", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé ìyẹn ló ń gba oorun lójú èèyàn?

Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ́ ló mú wọn, ìrètí pé nǹkan máa wọlé ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ B. F. Skinner ti fi ẹyẹlé dán irú ẹ̀ wò kí fóònù alágbèéká tó dé rárá. Ẹyẹlé tí oúnjẹ ń já bọ́ fún, lónìí tó bá ṣá bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, lọ́la kó tó ṣá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tí ò mọ èyí tó máa bọ́ sí i, irú ẹ̀ kì í dákẹ́, kódà tẹ́ ẹ bá dá oúnjẹ dúró á ṣì máa ṣá a lọ. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ Baba Ìjẹ̀bú ò ka ìwé Skinner, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá fi àwọn ọgbọ́n tí wọ́n dá sínú àwọn áàpù tí wọ́n fi ń ṣáàtì kún un. Láti 2014 ni WhatsApp ti ní máàkì búlúù, ọmọ rí i pé ọ̀rẹ́ òun ti kà á, kò dáhùn, ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ti Snapchat tún ní àwòrán iná kan, tí ẹ̀yin méjèèjì ò bá ránṣẹ́ síra yín láàárín wákàtí 24 iná yẹn á kú, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lè máa tọ́jú ẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Apá ọpọlọ tó máa ń sọ fúnni pé "ó tó, sùn" kì í gbó tán títí èèyàn á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25.

Ìbéèrè: Láyé tiwa kò rí báyìí, kí ló dé?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin náà! Nígbà tí GSM dé ní 2001, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, kò sí owó tá a máa fi sọ ọ́ di bárakú ni, fíláàṣì là ń fi síra wa. Nígbà tó yá, àwọn kan ń fi BBM, áàpù ṣáàtì orí fóònù BlackBerry, ping títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn náà ti ń bímọ báyìí.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé àwa la ti wọn síbẹ̀. Ẹni tó ń gbé Agége tó ń ṣiṣẹ́ ní Island, aago márùn-ún ìdájí ló ti wà ní bọ́ọ̀sítọ́ọ̀pù, Third Mainland á dá a dúró lálọ, á dá a dúró lábọ̀, ọmọ wà nílé, a ti kìlọ̀ fún un pé kó má jáde, kó má ṣílẹ̀kùn, kó má gba ọ̀rẹ́ sílé, pápá tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀. A wá ra fóònù fún un ká lè máa mọ ibi tó wà. Ibo ló fẹ́ ti rí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀? Inú fóònù yẹn náà ni.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ọmọ ọdún 16 ni mí. Mọ́mì mi gba fóònù mi torí mò ń ṣáàtì lóru, bẹ́ẹ̀ àwọn náà, kílẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń fọ́wáàdù àdúrà sí gúrùpù ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹjọ́ ẹ dùn ún gbọ́ o, mọ́mì ẹ sì máa kà á, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ti òru yẹn, mi ò lè gbè ọ́. Wákàtí 8 sí 10 ni irú ẹ gbọ́dọ̀ sùn, iná ojú fóònù sì máa ń jẹ́ kí oorun pẹ́ kó tó dé. Lọ bẹ mọ́mì fúnra ẹ, sọ pé aago mẹ́wàá ni wàá máa gbé e fún wọn.

Ìbéèrè: Tá a bá wá gbà á pátápátá ńkọ́?

Ìdáhùn: Á yá ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, tàbí kó ra fóònù tóṣọ́láìtì kékeré pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ò sì ní mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Témi ni pé kí gbogbo fóònù ilé máa sùn sí pálọ̀, tiyín náà. Wọ́n á ní NEPA ò tètè mú iná wá, ẹ̀gbẹ́ àwọn ló yẹ káwọn ti ṣáàjì ẹ̀. Ẹ ra páwà báǹkì sí pálọ̀. Ẹ jẹ́ kó pa ariwo gúrùpù, kó pa máàkì búlúù, kó sì máa pe ọ̀rẹ́ wá sílé ní Sátidé, kẹ́ ẹ se ìrẹsì.

Ìbéèrè: Tó bá kọjá agbára wa, ṣé Yaba Left náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù ba ọmọ. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn Yaba ti wà, wọ́n ní ẹ̀ka ní Òṣòdì tó ń rí sí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń wò. Ẹ lọ tí ọmọ ò bá sùn mọ́, tí ò fẹ́ lọ skúù, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, ìyẹn ò gba kẹ́ ẹ dúró dọ̀la. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í ta ló ń bá sọ̀rọ̀ lóru, nítorí ìgbà míì ìbànújẹ́ ló ń bá ọmọ fínra, ìgbà míì àwọn ọmọ kíláàsì ló ń bú u nínú gúrùpù, ìgbà míì sì rèé àgbàlagbà kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ló wà lódìkejì.