Kóńgò ta ló kún jù? Ohun tí t-test ń ṣe gan-an

Ìyá onígàárì méjì la máa ń ra gàárì lọ́wọ́ wọn ní Bódìjà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti búra pé kóńgò ìyá kejì ò pé, wọ́n ní ẹnì kan ti lu ìdí ẹ̀ wọnú, ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ò jà. Mo kàn ní ká gbé e sórí síkéèlì, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé t-test, ìṣirò tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ yunifásítì, ò ju ẹjọ́ gàárì yìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká ní a ra kóńgò márùn-ún lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan. Ti ìyá àkọ́kọ́ jẹ́ 1450, 1500, 1480, 1520 àti 1550 gíráàmù. Ti ìkejì jẹ́ 1460, 1400, 1440, 1480 àti 1420. Àfúréèjì ti àkọ́kọ́ 1500, ti ìkejì 1440, wọ́n fi 60 jura. Ẹ̀gbọ́n mi á ti pariwo "mo wí!" Ẹ ní sùúrù ná. Ìyá àkọ́kọ́ fúnra wọn, ọwọ́ kan náà, kóńgò kan náà, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù fi 100 gíráàmù jura. Tí ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo bá lè yí tó báyìí, ta ló sọ pé 60 yẹn ò kàn ṣèèṣì ni?

Ohun tí t-test ń ṣe ò lé kenkà: á mú 60 yẹn, á wá fi bí ọwọ́ ṣe ń yí pín in, bí kóńgò tá a wọ̀n bá sì ṣe pọ̀ sí i ni ohun tá a fi ń pín in á ṣe máa kéré sí i. Níbí, 60 tá a bá fi bíi 22 pín in, 2.7 ni. Fún márùn-ún márùn-ún, tó bá ti kọjá bíi 2.3, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ojú lásán.

Ẹ wá yí i padà. Ká ní ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1300, 1700, 1500, 1400, 1600, ti ìkejì 1240, 1640, 1440, 1340, 1540. Àfúréèjì ò yẹsẹ̀ o, 60 náà ni. Àmọ́ ohun tá a fi ń pín in ti di 100, èsì di 0.6, ẹjọ́ túká. Ìyẹn ò wá sọ pé kóńgò méjèèjì dọ́gba, ẹ̀rí ni ò tó.

p-value ni wọ́n ń ṣì túmọ̀ jù, àní àwọn tó ti gba digírì pàápàá. Ká ní àwọn ìyá méjèèjì ń wọ̀n ọ́n bákan náà, ká wá lọ ra márùn-ún márùn-ún báyìí nígbà 100, ẹ̀ẹ̀melòó la máa rí i kí wọ́n fi tó báyìí jura? Ti àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ yẹn, bí ẹ̀ẹ̀mẹta, òun ni p-value, 0.03 tí kọ̀ǹpútà máa gbé jáde. Kì í ṣe pé ìdá 3 nínú 100 ló kù kí ìyá yẹn jàre o, rárá. 0.05 tí gbogbo ayé sì fi ṣe ààlà, pé tí p-value bá ti kéré sí i, kì í ṣe èèṣì, ìwé tí Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò, kọ ní 1925 ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, òfin Mósè kọ́.

Ẹni tó tiẹ̀ ronú t-test, William Gosset, ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ni wọ́n máa ń rí dán wò níbẹ̀, ìṣirò ìgbà yẹn sì ń fẹ́ rẹpẹtẹ. Nígbà tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1908, wọn ò jẹ́ kó lo orúkọ ara ẹ̀, ló bá kọ Student síbẹ̀.

Ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n mi ò tíì parí ṣá. t-test lè sọ pé gàárì ìyá kejì fúyẹ́, kò lè sọ ìdí ẹ̀. Gàárì tí ò gbẹ dáadáa máa ń wúwo ju èyí tó gbẹ lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá àkọ́kọ́ ló ń ta tútù fún wa. Tá a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdí kóńgò wọnú, omi la máa bù sínú méjèèjì.