Kí Napster Tó Dé: Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Gbígba Orin Olórin Lọ́fẹ̀ẹ́ Nílẹ̀ Wa

Bí ọ̀rọ̀ jíjí orin kó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti délẹ̀, Napster, ètò tí àwọn èèyàn fi ń pín orin fún ara wọn láti orí kọ̀ǹpútà, ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Ọdún 1999 ni Shawn Fanning gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì fi máa di 2001, ilé ẹjọ́ ti mú kó kógbá sílé. Kò kan tiwa. Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kí Napster tó dé rárá. Àwọn kan tún ní àṣà wa ló fà á, pé Yorùbá ò ka orin sí ohun tó ní olúwa. Irọ́ nìyẹn.

Ẹ wo oníjàálá. Bó bá bọ́ sójú agbo, ìbà ló kọ́kọ́ ń jú: ó júbà ọ̀gá tó kọ́ ọ, ó júbà àwọn tó ti sun ún ṣáájú rẹ̀. Bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Bó bá wá ṣi oríkì ìdílé kan kì, oníjàálá ẹgbẹ́ rẹ̀ lè dá a lẹ́kun lójú gbogbo èrò, kó tún un ṣe. Ohun tí ẹni tí wọ́n dá lẹ́kun sì máa ń fi gbèjà ara rẹ̀ ni pé bí ọ̀gá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Bí ohùn ò bá ní olúwa, kí ni wọ́n ń dárúkọ ọ̀gá sí? Láàfin Ọ̀yọ́, àwọn arókin ni ìtàn àwọn ọba wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ń sọ ọ́. Èrò tèmi ni pé láti Ọ̀yọ́-Ilé ni ìlànà yìí ti múlẹ̀, bóyá láti Ifẹ̀ pàápàá.

Owó ńkọ́? Ojú agbo ni wọ́n ti ń san án. Onílù á ki baba ẹni, orí á wú, ọwọ́ á kan àpò. Láyé owó ẹyọ, a ò lè fi owó lẹ iwájú orí olórin bíi ti òde òní. Ẹyọ 20,000 ló ń wà nínú òkẹ́ kan, ẹrù gidi ni. Ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ onílù ni wọ́n ń dà á sí, tàbí kí wọ́n fi aṣọ àti àgbò ta á lọ́rẹ. Àwọn tó ní òṣì ló fà á tí a fi ń gba orin lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n rántí pé tálákà náà ń náwó fún onílù. Ẹni tó gbọ́ ló ń sanwó, ẹni tó kọrin ló sì ń gbà á.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ya ohùn kúrò lára olórin. Lọ́dún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ará Abẹ́òkúta kọ orin ìyìn fún iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣe ẹ̀dà rẹ́kọ́ọ̀dù nílé, ẹni tó bá fẹ́ ẹ á rà á. Ibí yìí ni mo ti gbọ́dọ̀ gbé Ìjẹ̀bú-Igbó ga. Haruna Ishola tiwa, pẹ̀lú I. K. Dairo, ló dá Star Records sílẹ̀ lọ́dún 1969, kí olórin lè ni iṣẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó di 1979, ó gbé iléeṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk kalẹ̀ sílùú wa níbí. Ìjọba ológun kò tíì ṣe òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà lórí iṣẹ́ rẹ̀ (copyright) ti 1988 nígbà náà.

Kásẹ́ẹ̀tì ló ba nǹkan jẹ́. Philips ló gbé e jáde lọ́dún 1963. Nígbà tí ẹ̀rọ ẹlẹ́nu méjì wá dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu kan ń kọrin, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Bí kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ò bá sí, ti ìwàásù ni a máa ń mú. Wọ́n ti kán ike kékeré méjì tó wà lókè rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e. A á ká bébà, a á kì í bọ ihò náà, fújì á sì bo ìwàásù mọ́lẹ̀. Ẹlòmíì á gbé ẹ̀rọ lọ sóde àríyá, á gba eré olórin sílẹ̀, á máa tà á lọ́jà. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó gbọ́ ṣì ń sanwó. Ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ ló ń kó owó náà sápò. Níbẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ìyókù ò pẹ́ sọ. Iléeṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní Erlangen, ní Jámánì, ṣe mp3, ọ̀nà tí a fi ń fún orin pọ̀ kó má baà gba àyè púpọ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ń gba bíi mẹ́gábáìtì 40 lórí síídì wá ń gba bíi 4. Ọjà Alábà kó gbogbo àwo olórin kan sórí síídì ẹyọ kan. Àwọn ọmọ tó ń kó orin sínú mẹ́mórì kádì dé, àwọn ojú òpó tí a ti ń wa orin jáde náà tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ olórin ọ̀dọ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé orin síbẹ̀, ó tún sanwó kún un, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ìyẹn kì í ṣe olè, olóhun ló yọ̀ǹda. Èyí tí olóhun ò yọ̀ǹda ni mo ń bá jà, nítorí ẹni tó ń wà á jáde ń ra dátà, ẹni tó ni ojú òpó ń gba owó ìpolówó, olórin nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó jẹ́ kí olórin lè kọ̀wé sí irú ojú òpó bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n yọ orin òun kúrò.