Alágbàwí ọmọdé ni, kì í ṣe kọmíṣọ́nnà

Ẹnìkan fi iṣẹ́ ìtumọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ nípa ọ́fíìsì kan ní Norway ni, tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ nítorí àwọn ọmọdé, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Barneombudet. Ní ìlà kẹta, ó pè é ní "Kọmíṣọ́nnà fún Ọ̀rọ̀ Àwọn Ọmọdé". Nígbà tó fi máa di ìlà kẹwàá, ó ti di "Ọ̀mbọ́dúsìmáànì", ìyẹn ombudsman tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè. Mo gbé e fún aládùúgbò mi kan tó ń ta aṣọ pé kó kà á. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Gómìnà ìpínlẹ̀ wo ló yàn án?"

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Kọmíṣọ́nnà tí àwa mọ̀ kò ju méjì lọ. Èkíní ni èyí tí gómìnà yàn, tó jẹ́ pé bí gómìnà bá jí pẹ̀lú ìbínú, ó lè ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì ni ti ọlọ́pàá, tí a kì í gbàdúrà kí ọmọ wa bá pàdé. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bi ìjọba léèrè nítorí ọmọdé, ẹ wá fi orúkọ ọmọ iṣẹ́ ìjọba pè é! Ní ti Ọ̀mbọ́dúsìmáànì, ọ̀rọ̀ tó ń fún ẹni tó ń pè é ní èébì, tí kò sì sọ nǹkan kan fún ẹni tó gbọ́ ọ, mi ò ní jókòó tì í.

Àwọn kan ní kí a pè é ní agbẹjọ́rò ọmọdé. Ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ́fíìsì yẹn kì í dá sí ìjà bàbá àti ìyá lórí ẹni tí ọmọ máa wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ agbẹjọ́rò, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ á ká ìwé ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, á forí lé ibẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Agbẹnusọ sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni agbẹnusọ. Ohun tí gómìnà bá ní kó sọ ni agbẹnusọ gómìnà ń sọ. Ta ló fẹ́ rán ẹni tiwa yìí níṣẹ́, ṣé ọmọ oṣù mẹ́fà?

Alágbàwí ni mo fara mọ́. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ẹbí rẹ̀: alágbàṣe gba iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe, alágbàtọ́ gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, alágbàwí gba ọ̀rọ̀ wí fún ẹni tí kò lè wí i fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé Jòhánù Kìíní ló ti jáde, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé a ní alágbàwí lọ́dọ̀ Baba. Ó dáa. Ṣé nítorí pé wọ́n fi àwo kan bu sàráà ní mọ́ṣáláṣí ni a kò ṣe ní fi jẹun nílé mọ́?

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kò le yéni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹbí jókòó láti pín ogún, ìbáà jẹ́ ìdí-igi, ìbáà jẹ́ orí-ò-jorí. Ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ ilé wà lórí ẹní. Àwọn ọmọ ìyàwó kékeré ń yí táyà kiri níta. Ìyá àgbà kan wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò ní ìpín níbẹ̀, kò sì lè pàṣẹ pé ilé ojú títì di ti lágbájá. Ṣùgbọ́n ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ọn, àti pé bó bá ní kí wọ́n ṣí àpótí, wọ́n á ṣí i. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ilẹ̀ kan, á ní, "Èyí tó ṣì ń mu ọmú ńkọ́?" Wọ́n lè má ṣe bó ṣe wí. Àmọ́ ojú rẹ̀ ni wọ́n máa ṣe é, kò sì ní dákẹ́ bó bá délé.

Ọdún 1981 ni Norway fi òfin gbé irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, kí orílẹ̀-èdè mìíràn tó ṣe é. Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀ ni Målfrid Grude Flekkøy, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1989. Gbogbo ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ó ń wí fún. Òfin fún un láyè láti wọ ibikíbi tí wọ́n bá kó ọmọdé sí, kó sì wo ìwé ibẹ̀. Ìgbà tirẹ̀ náà ni Norway kà á léèwọ̀ fún òbí láti na ọmọ, ní 1987. (Mo mọ̀ pé pàṣán ṣì wà lókè àjà àwọn kan nínú yín. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.)

Kọmíṣọ́nnà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe tiwọn, ibẹ̀ sì ni ìtumọ̀ burúkú yẹn ti wọlé. Iṣẹ́ kan náà ni, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí tiwọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Côte d'Ivoire, ni àwọn òbí rẹ̀ fà lé ìbátan wọn lọ́wọ́ kó lè kàwé. Ìyà pa á ní London ní ọdún 2000, lọ́wọ́ alágbàtọ́ yẹn àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Dókítà rí i, ọlọ́pàá rí i, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ rí i. Lord Laming, ẹni tí ìjọba yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ṣe ìwádìí, ó gbé àbọ̀ jáde ní 2003. Òfin tó tẹ̀lé e ní 2004 ló dá ọ́fíìsì náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ní alágbàtọ́, tí kò ní alágbàwí. Ẹ wá fi "kọmíṣọ́nnà" sọ ìyẹn fún mi.

Mo yí i padà níbi gbogbo nínú iṣẹ́ náà, mo tún gbé e fún aládùúgbò mi. Ó kà á, ó ní, "Ìyá màmá mi nìyí. Ta ló wá ń sanwó fún tibẹ̀ yẹn?"

Mo ní ìjọba tó ń bá wí náà ni.